Ọ̀pá Kẹtàlélógójì

Aago mẹ́rin àárọ̀ ni Rosaire kan ilẹ̀kùn mi.
Kò kí mi. Ó ní, "Odile, ó ṣì le."
Òjò dídì ló ń sọ.
Ní ìparí oṣù kẹta, òru nìkan ló kù tó ń bá wa ṣọ̀rẹ́:
òru a mú un dì, oòrùn a tú u,
tó bá fi máa di aago mẹ́wàá
ọ̀nà á ti ki pọ́pọ́ bí ògì tí kò jinná.

A wọ aṣọ nípọn, a dé akoto,
a fa okùn, alùpùpù méjèèjì wúkọ́, wọ́n jí.
Ìjókòó ti Rosaire ti ya, téèpù dúdú ló fi lẹ̀ ẹ́.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi wa kátakátá tó ń tẹ́ ọ̀nà yìí
lóru, nígbà tí gbogbo wa ń sùn;
bí a bá jí, a ó bá ọ̀nà nílẹ̀
bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀.

Wò ó báyìí.
Lábẹ́ igi sídà ó ṣì funfun,
ṣùgbọ́n níbi tí oòrùn ti ráyè
koríko èṣí ti yọ orí,
òkúta ti yọ eyín.
Ó ń yọ́, ilẹ̀ ń yọ, àwa ń yọ̀,
n kò sì mọ̀ bóyá yíyọ̀ ti ayọ̀ ni
tàbí ti ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò rí ilẹ̀ dì mú.

Níbi tí ọ̀nà ti dábùú títì ọlọ́dà,
irin abẹ́ ẹ̀rọ ha ilẹ̀, iná ta pàrà.
Gílóòbù pupa tàn lójú alùpùpù Rosaire.
Òtútù ni oúnjẹ ẹ̀rọ yìí;
bí kò bá rí òjò dídì tí yóò máa fọ́n sí i lábẹ́,
omi inú rẹ̀ á hó.
Ó sọ̀ kalẹ̀, ó bọ́ akoto,
ó fi bu òjò dídì nídìí igi,
ó ń dà á sí i lára díẹ̀díẹ̀
bí ẹni ń wẹ ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná.
"Má kú síbí," ni mo gbọ́ tó wí. "Ilé ni kóo kú sí."
Ìyàwó rẹ̀, Normande, ti sọ ohun tí dókítà wí fún mi.
Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Adágún la bá lọ.
Àádọ́ta ọ̀pá la rì mọ́ ọn ní oṣù Kejìlá,
ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́, téèpù aláwọ̀ ọsàn lórí,
kí ẹni tó ń bọ̀ nínú kùrukùru má baà ṣìnà.
Ohun tí a bá gbìn sórí omi,
a gbọ́dọ̀ hú u kí omi tó jí.
Àwọ̀ yìnyín ti di ti eérú. Ó kérora lábẹ́ wa,
ohùn gígùn kan, láti etí kan dé ìkejì.
Rosaire gbọ́wọ́ sókè, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó tẹ́tí.
"Ọjọ́ mẹ́rin ló kù ún," ó wí. "Bóyá márùn-ún."

Ó ń hú, ó ń kà, èmi ń dì wọ́n lókùn.
Ìkẹtàlélógójì dúró létí ibi tí odò ti ń wọlé,
omi dúdú ti yí i ká bí ẹyinjú.
Mo gbé ẹsẹ̀ kan. Ó ní, "Fi í sílẹ̀."
Rosaire, tó ti padà sígbó rí nítorí ìṣó kan!
A jókòó, a mu kọfí inú fúláàsì,
ó ti tutù, a mu ún bẹ́ẹ̀.
Pẹ́pẹ́yẹ igbó ń pariwo bọ̀ láti gúúsù.

Ẹrẹ̀ bò wá dé orúnkún kí a tó délé.
Normande ti na tapólì sílẹ̀ dè wá.
Lọ́dọọdún, bí ó bá ti ń bo ẹ̀rọ náà,
Rosaire a ní, "Ó tán. Èyí ni ìkẹyìn,"
gbogbo wa a sì bú sẹ́rìn-ín.
Lọ́tẹ̀ yìí ó so okùn náà,
ó tún un so,
ó béèrè bóyá oúnjẹ ti délẹ̀.

Ọjọ́ kẹfà ni yìnyín fọ́.
Ó fi ọjọ́ kan ṣì í.
Mo wà níbẹ̀ nígbà tí ọ̀pá náà tẹ̀, tó dùbúlẹ̀,
tó bá omi lọ,
orí rẹ̀ aláwọ̀ ọsàn ló ṣíwájú.